Markaz Agége: Ilé-kéwú Ni àbí Ilé-ìwé?



Ọ̀rọ̀ kan ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa ní sáà tó kọjá. Ọ̀kan nínú wa tí wọ́n bí sí Agége sọ fún wa pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá, ó ṣe ìdánwò, ó yege, wọ́n sì fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Nígbà tí ó gbé ìwé náà lọ síbi tí ó ti ń wá iṣẹ́ ní agbègbè Ìkẹjà, ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó ní, "Àáfà, ilé-kéwú lẹ lọ. Ilé-ìwé là ń béèrè." Bàbá náà ká ìwé rẹ̀, ó lọ. Títí di òní, inú férémù ni ìwé-ẹ̀rí náà wà ní pálọ̀ rẹ̀, kò gbé e lọ síbi kankan mọ́.

Àwa tí a jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí pín sí méjì. Àwọn kan ní akọ̀wé yẹn jẹ̀bi. Àwọn yòókù (a kò ní dárúkọ wọn, nítorí wọ́n wà lára àwọn tó ń kọ èyí) ní òótọ́ ló sọ, pé ibi tí wọ́n ti ń ké Kùránì lórí ẹní kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé-ẹ̀rí. Kí ìjà lè parí, a lọ ka ìtàn Markaz tó wà ní Agége. Kí a tó mọ̀, a ti bá ara wa ní Bàgídáàdì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni markaz, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibùdó. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ní kíkún ni Markaz al-Ta'lim al-Arabi al-Islami; ní èdè òyìnbó, Arabic Training Centre. Sheikh Adam Abdullah al-Ilori ló dá a sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952. Ní 1955 ó gbé e wá sí Agége, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní olónìí. Ìlọrin ni orírun bàbá Sheikh Adam, bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, ṣùgbọ́n Wasa ní ilẹ̀ Dahomey, tí a ń pè ní Benin báyìí, ni wọ́n ti bí i ní 1917. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ kéwú, lẹ́yìn náà ó jókòó lọ́dọ̀ àwọn àáfà àgbà ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Ní 1946 ó rìnrìn àjò lọ sí Íjíbítì, ó dé Al-Azhar, ó fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ó kú ní 1992.

Lójú tiwa, ìrìn àjò 1946 yẹn ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé. Kí ó tó yé wa, ó yẹ ká rántí irú ilé-kéwú tí ó ti jáde wá.

Ọ̀pọ̀ nínú wa la ti lọ sí ilé-kéwú rí, kódà àwọn kan tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àáfà ni, tàbí abẹ́ igi, tàbí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ẹní ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé wàláà rẹ̀ lé itan, wọ́n fi tádáà kọ ẹ̀kọ́ òní sí i, nígbà tí ó bá mọ̀ ọ́n tán, wọ́n á fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n á kọ òmíràn. Ọmọ ọdún márùn-ún lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kálukú wà ní ibi tirẹ̀ nínú ìwé. Kò sí kíláàsì kìíní tàbí ìkejì, kò sí sáà. Ẹni tí ó bá ka Kùránì parí yóò ṣe wólíìmọ̀, wọn a pa ẹran, wọn a jẹun. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú yóò máa ka ìwé kan lẹ́yìn òmíràn lọ́wọ́ àáfà, yóò máa bá a ṣe iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé. Ọjọ́ tí àáfà bá ní ó tó, ó tó nìyẹn. Ẹnu àáfà ni ìwé-ẹ̀rí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ń tàbùkù irú ẹ̀kọ́ yìí. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní Timbuktu náà nìyẹn nígbà tí òkìkí ìlú náà kàn dé Morocco. Tí a bá gbọ́ "Yunifásítì Sankore", ọkàn wa a lọ sí ilé ńlá tó ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà àti gbọ̀ngàn àpéjọ. Mọ́ṣáláṣí tí wọ́n fi amọ̀ mọ ni Sankore. Àyíká rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń gbé, inú ilé wọn àti inú mọ́ṣáláṣí ni ẹ̀kọ́ ti ń lọ, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ó fẹ́ kà. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ló mú Ahmad Baba jáde, ẹni tí àwọn ọmọ ogun Morocco kó lọ sí Marrakesh lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun ìlú rẹ̀ ní 1591. Ọkùnrin yìí ṣàròyé pé ìwé tí wọ́n kó lọ lọ́wọ́ òun tó 1,600, bẹ́ẹ̀ ìwé tòun ló kéré jù láàárín àwọn ẹbí òun. (Ẹ wo iye ìwé tó wà ní yàrá yín, kí ẹ dákẹ́.)

Ilé-kéwú Ìlọrin, ti Ìbàdàn, ti Èkó, ọmọ ìyá Timbuktu ni gbogbo wọn. Onímọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́. Tí ó bá kú, tí kò sì sí ọmọ tàbí ọmọ-ẹ̀yìn tí yóò jókòó sí ààyè rẹ̀, wọ́n á ká ẹní, ilé-ẹ̀kọ́ sì parí nìyẹn.

Ní ìlà oòrùn ayé Mùsùlùmí, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n kọ́lé fún ẹ̀kọ́. Mádírásà ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kọ́kọ́ kàn jù ni ti Nizam al-Mulk, wàsírì àwọn ọba Seljuk, tí ó ṣí Nizamiyya ní Bàgídáàdì ní 1067. Al-Ghazali, tí àwọn àáfà wa ń dárúkọ nínú wáàsí, kọ́ni níbẹ̀ láti 1091 sí 1095 kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ rìn kiri. Wàsírì náà kò fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀mí olùkọ́ kan ṣoṣo: ó ya owó oṣù sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wà lórí àga, ó sì pèsè oúnjẹ àti ibùgbé fún akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ lè lọ, olùkọ́ lè kú, ilé-ẹ̀kọ́ kò tìtorí rẹ̀ kú.

Báwo ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe rí? Ẹni tó bá ti wọ agbo ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin yóò tètè mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá wọ ẹnu ọ̀nà, àgbàlá lẹ máa bá, ojú ọ̀run ló bò ó, omi sì máa ń wà láàárín rẹ̀ fún àlùwàlá. Ní ẹ̀gbẹ́ àgbàlá yìí ni gbọ̀ngàn gíga wà tí iwájú rẹ̀ ṣí gbayawu, tí orí rẹ̀ rí bí ìdajì igbá. Ibẹ̀ ni olùkọ́ ń jókòó sí. Nínú èyí tó tóbi, gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ a máa jẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan fún ojú ọ̀nà òfin kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin tí àwọn Mùsùlùmí Sunni ń tẹ̀lé. Yàrá kéékèèké tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn sí tò yí àgbàlá ká, lókè àti nílẹ̀. Ibi ìkírun wà níbẹ̀, ibi ìkówèésí náà wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè jí, kí ó kírun, kí ó kàwé, kí ó jẹun, kí ó sùn, láìjáde sí títì.

Mustansiriyya ní Bàgídáàdì ni ẹ máa wò tí ẹ bá fẹ́ rí èyí tó ṣì dúró. Kálífà al-Mustansir ló kọ́ ọ láti 1227 sí 1233 sí etí odò Tigris. Akẹ́kọ̀ọ́ 62 ni wọ́n yọ̀ǹda fún ojú ọ̀nà òfin kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn jẹ́ 248, oúnjẹ wà, owó oṣù wà, ilé ìwẹ̀ wà. Àwọn Mongol wọ Bàgídáàdì ní 1258, wọ́n pa kálífà ìgbà náà, ṣùgbọ́n ilé náà kò wó. Nígbà tí ó yá, lábẹ́ ìjọba àwọn Tọ́kì, ó di ibùdó àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ní Fez, ní Morocco, ọba Abu Inan kọ́ Bou Inania láti 1350 sí 1355. Alẹ̀mọ́ aláràbarà ló bo ìsàlẹ̀ ògiri, ọnà tí wọ́n fín sí ẹfun ló tẹ̀ lé e, igi kédárì tí wọ́n gbẹ́ ló wà lókè. Òkúta kan wà lára ògiri ibẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ dúkìá ilé-ẹ̀kọ́ náà sí: ṣọ́ọ̀bù àti ilé, tí owó àyálégbà wọn ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì ń tún ilé ṣe. Waqf ni wọ́n ń pe dúkìá bẹ́ẹ̀. Tí ènìyàn bá ti yà á sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́run, kò sí ẹni tó lè tà á, ọmọ kò lè jogún rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a kà, èyí ló wú wa lórí jù, ó ju alẹ̀mọ́ lọ. Ilé dára, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń bọ́ ọ.

Àmọ́ kì í ṣe nítorí Ọlọ́run nìkan ni àwọn ọba wọ̀nyí fi ń kọ́lé. Púpọ̀ nínú wọn a máa kọ́ ibojì ara wọn mọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ṣàdúrà fún wọn lójoojúmọ́. Sultan Hasan ṣe bẹ́ẹ̀ ní Káírò, ó bẹ̀rẹ̀ mádírásà ràgàjì kan ní 1356. Ní 1361, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìpèrun rẹ̀ wó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lọ́dún náà gan-an, àwọn ìjòyè rẹ̀ pa á, a kò sì rí òkú rẹ̀ mọ́. Ibojì wà, ẹni tó kọ́ ọ kò sùn síbẹ̀.

Ṣé ìtàn àwọn Lárúbáwá lásán ni gbogbo èyí? Rárá o. Òpìtàn Íjíbítì náà, al-Maqrizi, kọ ọ́ pé àwọn ará Kanem, ní agbègbè Adágún Chad, tí wọ́n ń gba Káírò kọjá lọ sí Mẹ́kà, kó owó fún adájọ́ kan tí ń jẹ́ Ibn Rashiq ní nǹkan bí ọdún 1242, ó sì fi kọ́ mádírásà ní Fustat, fún ẹ̀kọ́ òfin Maliki, èyí tí àwa náà ń tẹ̀lé níhìn-ín. Ibẹ̀ ni àwọn ará Kanem ń wọ̀ sí. Ní Al-Azhar fúnra rẹ̀, tí ó ti wà láti nǹkan bí 970, ìlú-ìlú ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, apá kan sì wà fún àwọn ará Borno. Nítorí náà, nígbà tí Sheikh Adam dé Káírò ní 1946, kì í ṣe òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ìhà ọ̀dọ̀ wa tí yóò wo irú ilé bẹ́ẹ̀ tí yóò sì ní, irú èyí tọ́ sí wa. Owó àwọn baba wa ti wà nínú bíríkì wọn kí wọ́n tó tẹ Agége dó.

Ohun tí ó gbé padà wálé ni ètò. Ní Markaz, ẹ̀kọ́ ní kíláàsì, kíláàsì ní ọdún, ọdún ní ìdánwò. Ìpele ìbẹ̀rẹ̀ wà, ìpele gíga wà. Èdè Lárúbáwá di ohun tí a ń kọ́ bí èdè, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ tí ó sì ń fi kọ àròkọ, kì í ṣe ohun tí a ń ké lórí nìkan. Gírámà, ìtàn, ewì, òfin, kálukú ní àkókò tirẹ̀ lórí tábìlì ìgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sórí àga, olùkọ́ kọ̀wé sójú pátákó. Ní ìparí, ìwé-ẹ̀rí.

Àwọn àáfà kan bínú. Àga àti pátákó ìkọ̀wé ló kọ́kọ́ bí wọn nínú. Lójú wọn, àṣà ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì ni, ẹni tó bá sì jókòó sórí àga kéwú ti fẹ́ sọ kéwú di nǹkan mìíràn. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀: àáfà ní kì í ṣe ilé-kéwú, ilé-ìwé ni. Akọ̀wé Ìkẹjà ní kì í ṣe ilé-ìwé, ilé-kéwú ni. Láàárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọ̀rẹ́ wa ká ìwé rẹ̀ sí.

Kí a má parọ́, òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn àáfà sọ. Al-Azhar tí Sheikh Adam rí kì í ṣe Al-Azhar ayé àtijọ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó yí olùkọ́ ká nídìí òpó. Wọ́n ti tún un ṣe léraléra, wọ́n sì ti gba kíláàsì àti ìdánwò mọ́ra látọ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù. Àga jẹ́ ohun tuntun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, mọ́ṣáláṣí àti yàrá ẹ̀kọ́ nínú ọgbà kan ṣoṣo, ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àti ètò tí yóò dúró lẹ́yìn tí olùdásílẹ̀ bá kú, ẹgbẹ̀rún ọdún ló wà lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí Nizamiyya ṣí ilẹ̀kùn, kò tíì sí Yunifásítì Bologna, kò tíì sí Oxford tí a fi ń búra.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Agége? Tí ẹ bá mọ Agége nípa búrẹ́dì nìkan, ẹ ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe. Ojú irin tí wọ́n là láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 gba ibẹ̀ kọjá. Oko kòkó J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, obì sì tún mú kí àwọn oníṣòwò Hausa tẹ̀dó síbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀, ojú irin so ó pọ̀ mọ́ Abẹ́òkúta àti Èkó, ilẹ̀ kò sì tíì wọ́n bí ti Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà náà, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Agége àti Ìkẹjà wà. Ọdún 1967 ni wọ́n bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Èkó.

Markaz ṣáájú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dé. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962, Dunlop wá ń ṣe táyà. Láti ìgbà náà, agogo ilé-iṣẹ́ àti ohùn ládání jọ ń jí Agége. Ẹ̀rọ kan sì wà tí Markaz náà ní: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó tẹ ìwé Lárúbáwá ní Agége, lára rẹ̀ ni àwọn ìwé tí Sheikh Adam fúnra rẹ̀ kọ lórí ìtàn Ìsìláàmù ní Nàìjíríà àti lórí lítíréṣọ̀ Lárúbáwá ilẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn ará Ìkẹjà ń ṣe bíà àti táyà, Agége ń ṣe ìwé, ìwé náà sì ń dé ilé-kéwú káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti yàtọ̀ sí ti Fez ni ọ̀rọ̀ owó. Kò sí ọba Abu Inan lẹ́yìn Markaz. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí ń san, sàráà àwọn ènìyàn, ìwé tí wọ́n ń tà, ohun tó gbé e ró nìyẹn. A kò lè fi bulọ́ọ̀kù àti páànù wé igi kédárì, ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta obì tí ó ń yọ owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ kò béèrè ibojì nínú ọgbà.

Ẹ rántí Mustansiriyya tó di ilé kọ́sítọ́ọ̀mù. Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní ìparí 2008. Ẹ rìn láti Ọ̀gbà dé Ọ̀rẹ́gùn lónìí, ẹ ka iye ilé-iṣẹ́ àtijọ́ tó ti di ilé ìpàdé, ilé àsè tàbí ibi ìkẹ́rùsí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí akọ̀wé ní kì í ṣe ilé-ìwé ṣì ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí olùdásílẹ̀ kú ní 1992, ibẹ̀ ni ilé-kéwú ọlọ́dẹ̀dẹ̀ ì bá ti ká ẹní. Markaz kò ká a, ètò tó wá láti Káírò ló sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ ní ìlú tó pọ̀, àwọn kan sì tẹ̀ síwájú sí yunifásítì.

Ọ̀kan nínú wọn, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, tí ẹ bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ṣe UTME láti 2016. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, tó di ọ̀gá JAMB lọ́dún náà, tí ó sì ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìlọrin ṣáájú, kàwé ní Markaz Agége. Ẹni tó ti jókòó pinnu ìwé-ẹ̀rí tó wọlé àti èyí tí kò wọlé, inú ọgbà yẹn ló gbà. Nígbà tí a ka èyí, àwọn tó gbè sẹ́yìn akọ̀wé láàárín wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun ti yí padà díẹ̀ báyìí. Ìjọba àpapọ̀ ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní NBAIS, tó ń ṣe ìdánwò àṣekágbá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá. Ọmọ tó bá jáde lónìí ní ọ̀nà tí àwọn ti ìgbà yẹn kò ní. Kò kan bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

A lọ kí i ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó gbé férémù náà kúrò lára ògiri, ó fi etí agbádá nu eruku ojú rẹ̀, ó ka ìwé-ẹ̀rí náà fún wa láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní èdè Lárúbáwá, ó wá túmọ̀ rẹ̀: orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó kọ́, iye máàkì tí ó gbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gírámà ló ti gba máàkì tó kéré jù, inú sì ṣì ń bí i sí i. Lẹ́yìn náà ó bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdún mélòó ni tiyín ní yunifásítì?"

A ní mẹ́rin ni, bàbá, tí kò bá sí ìdaṣẹ́sílẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé férémù rẹ̀ padà sára ìṣó.